Wọ́n Ń Mí Lábẹ́ Ẹrẹ̀

Nígbà tí odò fà sẹ́yìn, ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún wa bí àlejò tó jẹun tán tí kò palẹ̀ àwo mọ́. Ẹrẹ̀ náà dúdú, ó sì ki. Ó wà lórí àtẹ̀gùn, ó wà nínú máṣíìnì tí mo fi ń ránṣọ, ó wà nínú bàtà tí bàbá wa bọ́ sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sáré jáde lọ tú ọkọ̀ wọn kúrò lára òpó. Omi gbé àwọn àti ọkọ̀ lọ. A rí ọkọ̀. Igi ńlá kan ló dá a dúró nísàlẹ̀ odò, ó dojú dé bí igbá. A ò rí bàbá.

Atukọ̀ ni wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń gbé ènìyàn sọdá odò yẹn: olùkọ́, aláboyún, ẹni tó gbé bẹ́ẹ̀dì lérí. Kò sí ẹni tó mọ odò náà tó wọn, ìdí nìyẹn tí Màámi ò fi gbà pé odò lè mú wọn.

Màámi ò sunkún. Wọn ò sọ pé bàbá kú, wọn ò sì gbà kí ẹlòmíràn sọ ọ́. Bí aládùúgbò bá wọlé tó ní, "Ẹ kú aráfẹ́rakù o," wọ́n á gbé àga fún un, wọ́n á ní, "Ta la fẹ́ kù? Jókòó, kí o mu omi." Oúnjẹ bàbá ń bẹ lórí tábìlì lójoojúmọ́, àwo ni wọ́n fi ń dé e. Bó bá dàárọ̀, wọ́n á dà á nù láìsọ̀rọ̀, wọ́n á sì bu tuntun.

Èyí ìbá ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n omi mìíràn ń bọ̀. Wọ́n ti kéde rẹ̀ lórí rédíò pé òjò ò tíì dá lápá òkè, pé dáàmù tó wà níbẹ̀ ti kún dẹ́nu, àti pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, omi tó máa dé ọ̀dọ̀ wa á ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo ará òpópónà wa ti kó lọ sókè. Ilé wa nìkan ni iná ṣì ń jó nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń wá ni pé kí Màámi bá wa kúrò kí omi yẹn tó dé, Màámi sì ní ẹsẹ̀ àwọn ò kúrò níbẹ̀.

"Bí bàbá yín bá dé tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni nílé ńkọ́?"

"Màámi, níbo ni wọ́n ti ń bọ̀?"

"Níbi tí wọ́n lọ ni. Ìbéèrè wo nìyẹn?"

Àbúrò mi obìnrin ló wá ràn mí lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ ẹrẹ̀ etí odò wò, kó lè mọ irú kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú rẹ̀. Bàbá ló sọ ọ́ ní Dókítà Ẹrẹ̀. Wọ́n máa ń ní, "Ẹ gbà mí o! Mo rán ọmọ lọ sílé ìwé kó lè kúrò nínú ẹrẹ̀, àṣé ẹrẹ̀ náà ló fẹ́ lọ kọ́ wá." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omijé á fi bọ́ lójú wọn, wọ́n á sì tún wọ inú ọkọ̀ lọ bá a wa ẹrẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó.

Ó kó ìgò àti páìpù rẹ̀ sínú yàrá ẹ̀yìn. Ó ní nǹkan méjì lòun bá wá: kí òun bá mi gbé Màámi lọ, kí òun sì wo ohun tí omi fi ojú àwọn ará inú ẹrẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé kò lè fojú kan etí odò yẹn láìní iṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi náà, bí mi ò bá máa nu ìpẹtà lára máṣíìnì, mi ò mọ ibi tí mo máa kó ọwọ́ mi sí.

Etí odò ti yàtọ̀. Ibi tí iyanrìn funfun wà tẹ́lẹ̀, tí èrò máa ń dúró sí de ọkọ̀, ẹrẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ á kún fún omi, omi náà á sì pọ́n kó tó di ọjọ́ kejì. Ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí odò bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹrẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí hó. Bùkù. Bùkù. Lẹ́yìn náà, á mí kanlẹ̀, bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ á sì gba gbogbo ilé. Mo ń gbọ́ ọ láti orí àga mi. Mi ò kì í lè ránṣọ ní wákàtí yẹn.

Mo bi àbúrò mi pé kí ló ń mí.

Ó mú mi lọ síbẹ̀. Ó ki páìpù bọ ilẹ̀, ó fà á yọ, ó sì ti ẹrẹ̀ jáde nínú rẹ̀ gbọọrọ bí àbẹ́là. Lókè, ó ní àwọ̀ ilẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́ bí aṣọ. Gbogbo èyí tó kù dúdú bí èédú, àyàfi ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀.

"Ẹ rí ìlà yìí, Àǹtí? Òkè ilẹ̀ àtijọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fẹ́ràn afẹ́fẹ́. Omi dé lójijì, ó da ewé àti igi jíjẹrà àti ẹrẹ̀ tuntun lé wọn lórí, afẹ́fẹ́ tán. Àwọn tó kórìíra afẹ́fẹ́ wá gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn yẹn ló ń hó, àwọn ló ń rùn."

"Àwọn onílé àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. A rò pé wọ́n ti kú."

Ó fi igi kan omi tó wà nínú ojú ẹsẹ̀ mi. Awọ kan wà lójú omi náà tó ń dán bí epo mọ́tò. Bí igi ṣe kàn án, ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo. "Epo ò kì í fọ́ báyìí. Àwọn kòkòrò mìíràn ló ṣe èyí. Irin inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń jẹ." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rántí ibi tó dúró sí ni ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà lọ́ọ̀dẹ̀, mò ń da òróró sí máṣíìnì. Màámi ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì bàbá nínú bàsíà, lábẹ́ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. Àbúrò mi wà nínú yàrá náà, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó máa ń pariwo bó bá ń lo fóònù, bí ẹni pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà ní òdìkejì odò.

"Rárá o, ọ̀gá, wọn ò kú! Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni... Wọ́n wà lábẹ́ ẹrẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tí wọ́n máa ń so ọkọ̀ mọ́... Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń mí, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n kàn sùn ni. Bí afẹ́fẹ́ bá tún kàn wọ́n, wọ́n á jí... Rárá, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó dá mi lójú ná."

Kí n má purọ́, ọkàn mi fò. Ìṣẹ́jú kan péré ni, kí n tó rántí ìlà pupa inú ẹrẹ̀ yẹn. Mo wo Màámi. Ọwọ́ wọn ti dúró jẹ́ẹ́ nínú omi ọṣẹ. Mo rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n.

"Màámi, ẹ fi sílẹ̀, màá bá yín fọ̀ ọ́."

"Má ṣèyọnu," wọ́n wí. Wọ́n fún ṣẹ́ẹ̀tì náà gbẹ, wọ́n sá a dáadáa, wọ́n sì ń rọra kọrin. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu wọn. Inú mi dùn. Mo rò pé ara wọn ti ń balẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni ṣọ́bìrì ò ti gbé ilé mọ́. Bí a bá jí, Màámi á ti wà létí odò, wọ́n á ti ká aṣọ sókè, wọ́n á máa gbẹ́lẹ̀ yí òpó ọkọ̀ ká. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní ìdákọ̀ró bàbá ni, pé irin gidi ni, kò yẹ kó ṣòfò. Mo gbà á gbọ́. Obìnrin tí kì í jẹ́ ká ju abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ nù ni.

Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ náà ń yí padà. Ibi tí wọ́n bá gbẹ́ lónìí, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, dúdú rẹ̀ á ti kúrò, á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo bá Màámi níbẹ̀ láàárọ̀ kan. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ihò, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹrẹ̀ náà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ara ọmọ bóyá ó gbóná.

"Wò ó," wọ́n wí fún mi. "Ó ti ń pọ́n."

"Kí ló ń pọ́n, Màámi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì tún mú ṣọ́bìrì. Mo bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo etí odò náà, síbẹ̀ mo mú ọ̀nà ilé pọ̀n bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Àbúrò mi ni ọ̀rọ̀ ihò yìí kọ́kọ́ bí nínú. "Àǹtí, ẹ bá mi bẹ Màámi. Ibi tí wọ́n ń gbẹ́ gan-an ni mò ń yẹ̀ wò. Afẹ́fẹ́ ti ń wọ ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti ń yí padà."

"Sọ fún wọn fúnra rẹ. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́, Dókítà?"

"Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún wọn, ká wò ó."

A ò sọ ọ́, nítorí pé ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ní òpópónà tó ti ṣófo. "Ẹ̀yin ará etí odò! Wọ́n ti ṣí dáàmù! Ẹ kúrò níbẹ̀ kí oòrùn òní tó wọ̀! Ẹ má sọ pé a ò sọ fún yín!" Mo ti bá awakọ̀ lọ́rì kan sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì wá bó ṣe ṣèlérí. A kó bẹ́ẹ̀dì, a kó ìkòkò, a gbé máṣíìnì mi. Ìgbà tó ku Màámi nìkan, a ò rí wọn nínú ilé.

Awakọ̀ náà ń wo odò, ó ń fi ìka lu ara ọkọ̀. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́ o. Ọkọ̀ mi yìí lè gun òkè, ó lè sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀wẹ̀."

A bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ihò náà ti jìn, ó ti mu wọ́n dé orúnkún. Omi ti ń sun wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń fi abọ́ gbọ́n ọn jáde.

"Màámi, omi ti ń bọ̀," ni mo wí. "Ẹ fi ìdákọ̀ró yẹn sílẹ̀."

"Ta ló ń wá ìdákọ̀ró?" Wọ́n nà tán, wọ́n wò wá láti òkè dé ilẹ̀. Mi ò rí ojú yẹn rí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ mọ ibi tí bàbá yín wà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún mi."

"Màámi, kí lẹ̀ ń sọ?"

"Mo gbọ́ ọ! Etí mi kọ́ ni mo fi ń jẹun." Wọ́n na abọ́ sí àbúrò mi. "Ìwọ lo sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ. Wọn ò kú. Wọ́n wà lábẹ́ ẹrẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Wọ́n ń mí. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn wọ́n, wọ́n á jí. Ó ní òun ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni! Ìyá tó bí ọ ni ẹnikẹ́ni?"

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Bàbá ẹni, wọ́n. Ọ̀pọ̀ kòkòrò inú ilẹ̀, wọ́n. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ò ní pe bàbá rẹ̀ ní "ó" láé, Màámi ló sì fi pàṣán kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ló padà wá tan àwọn fúnra wọn jẹ.

Àbúrò mi ti wọ inú ihò lọ bá wọn. Ó di ọwọ́ wọn méjèèjì mú.

"Màámi, kì í ṣe bàbá ni mò ń sọ. Àwọn kòkòrò inú ẹrẹ̀ ni."

"Kòkòrò wo lo máa ń pè ní wọ́n?"

"Wọ́n pọ̀ ni, Màámi. Wọ́n pọ̀ ju iyanrìn lọ."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Màámi. Omi ń wọlé sínú ihò, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́n ọn mọ́. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn lọ nínú wọn, bó ṣe ń kan ilẹ̀kùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo rò pé wọ́n á ṣubú. Mo na ọwọ́ mi sílẹ̀ dè wọ́n.

"Ẹrẹ̀ tó ń pọ́n yìí ńkọ́?"

"Irin ni, Màámi. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, á pọ́n bí ìpẹtà. Ẹ̀jẹ̀ kọ́."

"Èyí tó ń mí nírọ̀lẹ́?"

"Àwọn ni."

"Kí ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n fi ń mí?"

Àbúrò mi wojú mi. Mo mi orí fún un pé kó má dáhùn. Inú mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó parọ́, kó ní omi ni, kó ní afẹ́fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kò parọ́ fún Màámi rí.

"Ohun tí omi bá kó wá."

"Ewé ńkọ́?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́."

"Igi?"

"Ó máa ń pẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹ́."

"Ewúrẹ́ aládùúgbò wa tí omi gbé lọ?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, Màámi."

"Atukọ̀ ńkọ́?"

Awakọ̀ tẹ fèrè ọkọ̀ láti òkè. Kò sí ẹni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú wa.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi," ni àbúrò mi wí. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ kékeré lọ. "Bí wọ́n bá wà nínú ilẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé wọ́n máa ń jẹ alààyè?"

"Rárá. Alààyè á ti lọ pátápátá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kò ní mọ̀ rárá."

Màámi mi orí. Wọ́n tún mì í. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ẹrẹ̀ sì kùn wọ́n lójú.

"Bàbá yín kú nìyẹn," wọ́n wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ ọ́ nìyẹn. Mo ti ń retí pé bí wọ́n bá sọ ọ́, nǹkan á fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ṣe ni gbogbo etí odò náà dákẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ́tí. Àbúrò mi bú sẹ́kún. Màámi ò bá a sọkún. Wọ́n fi ọwọ́ kan pa á lẹ́yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ títí ojú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi pupa tó wà nínú ihò.

"Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀," wọ́n wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. "Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ má bínú pé mo ń tú ilé yín ká. Ọkọ mi ló wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ rọra jẹ wọ́n o."

Ilẹ̀ hó. Ìhó ńlá kan jáde láàárín ẹsẹ̀ wọn, ó bẹ́, òórùn rẹ̀ gba imú gbogbo wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èémí gígùn yẹn tẹ̀ lé e, èyí tí mo ti ń gbọ́ lórí àga mi lójoojúmọ́. Àbúrò mi la ẹnu láti ṣàlàyé. Mo fún un ní ìgbọ̀nwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa ẹnu dé.

"Wọ́n ti gbọ́," ni Màámi wí.

A fà wọ́n yọ nínú ihò. Ẹrẹ̀ ò fẹ́ fi ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀. Nígbà tó fi í sílẹ̀, ó dún bí ẹni tó ń fẹnu ko ènìyàn. Wọn ò wọlé lọ wẹ ẹsẹ̀, wọn ò lọ wo bóyá a ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gba iwájú ọkọ̀ lọ tààrà, wọ́n gun un, wọ́n fa aṣọ bo orúnkún.

Awakọ̀ náà ṣì ń wo ẹrẹ̀ tó wà lójú wọn.

"Kí lò ń wò?" ni Màámi wí fún un. "Ìwọ tó o ní ọkọ̀ rẹ ò mọ̀wẹ̀. Wakọ̀, jàre. Ṣé o fẹ́ kí omi bá wa níbí ni?"

Èmi àti àbúrò mi gun ẹ̀yìn, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti máṣíìnì. Ó gbé orí lé orúnkún rẹ̀, kò wo ẹ̀yìn. Èmi ni mo wò ó. Odò ti gun bèbè láìpariwo. Ó wọ inú àwọn ihò tí Màámi gbẹ́, ó ń kún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò kọ̀ọ̀kan tó bá kún, á hó díẹ̀, á sì dákẹ́.